Bọ́ọ̀sì Àtijọ́, Owó Díẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dín Ewu Rẹ̀ Kù Lójú Ọ̀nà

Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì tó ti lé lógójì ọdún, ọ̀dà ló sábà máa ń kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà aṣọ ìjókòó, lẹ́yìn náà rédíò. Bí èmi náà ṣe ṣe é nìyẹn. Ọkọ̀ ń dán gbinrin, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀, àfi lọ́jọ́ kan tí mo tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ mi bá a kanlẹ̀ pátápátá. Orí ló yọ mí: òkè ni mo ń gùn lọ, n kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀, hóòsì rọ́bà kan ṣoṣo ló bẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó owó agolo ọ̀dà kan.

Látìgbà náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi kí n tó yọ owó lápò: bí nǹkan yìí bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú eré, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Bí rédíò bá dákẹ́, èmi fúnra mi á kọrin. Bíréèkì ńkọ́? Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn: ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ohun tó ń darí rẹ̀, ohun tó lè jó o, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ ríran kí wọ́n sì rí yín, lẹ́yìn náà ohun tí yóò gbà yín bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òógùn ni yóò gbà yín ju owó lọ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀

Ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, ẹ fi igi há táyà tí kò ní kúrò nílẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lé irin ìdúró tó lágbára kí orí yín tó wọ abẹ́ ẹ̀. Jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà kò ṣeé fọkàn tán, nítorí ó máa ń fọ́ lójijì láìṣe ìkìlọ̀ kankan.

Ohun tí ẹ ó lò kò ju tọ́ọ̀ṣì, sukurudíráfà ńlá kan, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré àti ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Gbogbo àléébù tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta: èyí tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn títí ẹ ó fi ṣe é, èyí tó lè dúró fún oṣù kan, àti èyí tó jẹ́ ti ẹwà. Owó kan ṣoṣo tí mo ní kí ẹ ná lọ́jọ́ yìí ni owó ìwé àtúnṣe tí wọ́n kọ fún irú ọkọ̀ yín gan-an. Inú rẹ̀ lẹ ó ti rí bí bóòtì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ le tó, àti ìwọ̀n tí kò sí mẹkáníìkì tó ń rántí rẹ̀ lórí mọ́.

Ìpẹtà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́, ara ọkọ̀ náà ni egungun rẹ̀, nítorí náà ohun tó dà bí ihò lásán lè jẹ́ egungun tó kán. Ẹ fi ẹ̀yìn sukurudíráfà gbá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí jáàkì ti ń gbé ọkọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ ara, àti àyíká ibi tí wọ́n de sítíárì mọ́. Irin tó yè máa ń dún gan-n-gan. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún bọ̀ọ̀, bí ìgbà tèèyàn gbá páálí. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́, pútì ló wà ńbẹ̀, ẹnì kan ti fi bo àṣírí mọ́lẹ̀. Bí irin tó gbé ọkọ̀ ró bá ti jẹrà, ibẹ̀ lowó ń lọ ṣáájú ohun gbogbo. Kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ gé e dé ibi tí irin ti yè kó tó jó tuntun mọ́ ọn, kó má ṣe kàn lẹ páànù lé ìpẹtà lórí. Ẹ tú bátìrì, kí ẹ sì gbé táǹkì epo kúrò kó tó tan iná iṣẹ́ rẹ̀.

Táyà: ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan

Àwọn ọkọ̀ báyìí kì í rìn púpọ̀, nítorí náà táyà wọn máa ń darúgbó kó tó jẹ tán. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, táyà náà ti wà kí ọdún 2000 tó dé, ẹ má sì gbé e rìn dé òpópó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, pàápàá ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí inú. Bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ì báà ní eyín bíi tuntun. Ìjìnlẹ̀ eyín tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè béèrè kò ju mílímítà 1.6 lọ, ṣùgbọ́n nínú òjò, 3 ni mo fi ń ṣe ààlà tèmi.

Bọ́ọ̀sì ń gbé ẹrù, nítorí náà táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán kò tó o, kódà bí ó bá wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ géérégé. Èyí tí wọ́n kọ C mọ́ ìwọ̀n rẹ̀, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ sì bá ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu, ni kí ẹ rà. Bí owó bá tó méjì péré, ẹ fi àwọn tuntun sẹ́yìn: bí iwájú bá yọ̀, ẹ ṣì lè dín eré kù, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ yóò yí po mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà tí táyà bá tutù ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé táyà àfipamọ́ (sípéà).

Bíréèkì: ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ ti ṣahun

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ọkọ̀ yín ní. Nínú àwọn àtijọ́ gan-an, ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró ń gbà láti máàsítà (sílíńdà tí pẹ́dààlì bíréèkì ń tì) lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibì kan bá ti jò, gbogbo rẹ̀ lọ. Volkswagen Type 2 wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1967 kí wọ́n tó pín ọ̀nà náà sí méjì. Bí tiyín bá jẹ́ ọlọ́nà kan, máàsítà ọlọ́nà méjì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí ẹ máa tọ́jú owó dè, ṣáájú dísìkì, ṣáájú ohunkóhun tó ń jẹ́ afikún agbára.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ tí kò gbówó.

Hóòsì rọ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín: hóòsì lè dára lóde kí inú rẹ̀ ti wú pa. Bí ó bá wú, òróró á lọ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, kò sì ní rọ́nà padà, bẹ́ẹ̀ ni táyà kan yóò máa gbóná, ọkọ̀ á sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ti tú gbogbo ẹsẹ̀ náà palẹ̀ kí wọ́n tó rántí hóòsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà nu páìpù irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wo ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n fi kílíìpù dè é mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pò kì í dípẹtà, ó rọrùn láti tẹ̀, iye tó sì fi wọ́n ju ti irin lọ kò tó nǹkan.

Nígbà tí ẹ bá ṣí dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn ìkòkò irin tí bíréèkì ń há mọ́ nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ ṣọ́ra fún eruku inú rẹ̀. Láínìn (ohun tó ń há mọ́ dúrọ́ọ̀mù) ayé àtijọ́ ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ wọ ohun ìbomú tó dára, ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá. Ẹ wá ká rọ́bà ìbòrí sílíńdà kékeré tó wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ó ń jò. Tọ̀tún-tòsì ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Òróró bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 4, irú òróró bíréèkì kan, bó bá ṣì jẹ́ tuntun, kì í hó títí yóò fi tó 230°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún un já wá sí 155°C. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí ọkọ̀ àtijọ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè gígùn: òróró á hó, á di afẹ́fẹ́, pẹ́dààlì á sì rì wọlẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, láti inú agolo tí wọn kò tíì ṣí rí. Ẹ má da DOT 5, tó jẹ́ ti sílíkónì, pọ̀ mọ́ DOT 3 tàbí 4. Bí ó bá sì ta sára ọ̀dà, ẹ tètè fi omi ṣàn án, torí ó ń bó ọ̀dà.

Èèyàn méjì ló ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú òróró bíréèkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí máàsítà, àyàfi bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ohun mìíràn. Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara so ẹnu sukurúù ìtú, kí ẹ ki ìdí rọ́bà náà bọ inú ìgò tí òróró díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan á tẹ̀, èkejì á tú u. Ẹ dì í pa kí ẹni tó tẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa ṣe é títí afẹ́fẹ́ kò fi ní hó jáde mọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí òróró tán nínú agolo òkè, torí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ: nínú máàsítà tó ti pẹ́, ẹ má tẹ pẹ́dààlì kanlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí. Apá ibi tí rọ́bà inú rẹ̀ kì í dé máa ń ní ìpẹtà, bí rọ́bà bá sì gba orí rẹ̀ kọjá, ó lè ya. Ẹ fi pátákó kékeré há abẹ́ pẹ́dààlì.

Ó ku títò. Dúrọ́ọ̀mù tó wà ní títò dáadáa ń dá ọkọ̀ dúró ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ yí ohun tí wọ́n fi ń tò ó títí táyà yóò fi há, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ pẹ́dààlì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún un wò. Hándì bíréèkì ló kẹ́yìn. Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa, ẹ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kò tíì ṣe tán.

Sítíárì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń jó, ìyẹn bó bá ń mì lọ mì bọ̀, bẹ́árìnnì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì ni. Ẹ wá dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá jó níhìn-ín, orí táì rọ́ọ̀dù ni. Kí ẹnì kan máa yí sítíárì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì máa wò láti abẹ́: ibi tí apá kan ti ń rìn tí èkejì kò rìn ni àléébù wà. Àwọn kan máa ń sáré fún sukurúù orí àpótí sítíárì láti fi pa ìjó náà. Ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá le jù, sítíárì lè há nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Àwọn orí tó ti jẹ ni kí ẹ pààrọ̀.

Gíríìsì ni ohun tó rọjú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ wá gbogbo ẹnu tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ ọkọ̀, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fún un títí ti àtijọ́ yóò fi jáde. Ní ti ṣọ́kù, ẹ tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ tàbí tí òróró ń sun lára rẹ̀, ó ti tán.

Iná tí ń jó nǹkan

Bẹntiróòlù òde òní sábà máa ń ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, hóòsì ayé àtijọ́ kò sì lè gbà á. Á gan, á ya, á sì máa sun epo sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná. Nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, iná á ti gbéra kí awakọ̀ tó gbóòórùn. Ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì epo láti táǹkì dé kàbúrétọ̀. Èyí tí wọ́n tẹ R9 sí lára, àmì hóòsì tó lè gba ẹ́tánọ́ọ̀lù, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi í sí i. Ẹ fi kílíìpù sí gbogbo orí rẹ̀. Fífi ipá ki hóòsì wọlé nìkan kò tó. Ibi tó bá ti gba inú ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà bo etí ihò náà. Bí fíítà epo oníke bá wà lókè ẹ́ńjìnì, ẹ gbé e lọ síta, nítòsí táǹkì.

Nínú wáyà, èyí tó láti inú bátìrì wá tí kò ní fíúsì ló burú jù. Ẹ fi súìṣì ìgé sí bátìrì, kí ẹ sì bo orí rẹ̀. Ẹ gbé ohun ìpaná oníyẹ̀fun kìlógíráàmù 2 síbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tó o láìdìde. Ti inú bọ́ọ̀tù lẹ́yìn kò wúlò bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń jó. Bí iná bá sọ, ẹ kó àwọn èèyàn jáde ná. Ẹ má ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì gbayawu. Ẹ ṣí i díẹ̀ kí ẹ fún ìyẹ̀fun wọlé. Irin tí wọ́n fi ṣe àpótí ẹ́ńjìnì Volkswagen tí afẹ́fẹ́ ń tù ní magnésíọ̀mù nínú, bí ìyẹn bá sì ti gbiná, omi ń dá kún un ni.

Ọ̀tá kan tún wà tí kò ní òórùn: èéfín carbon monoxide. Bọ́ọ̀sì tó ń fa ooru gba ara ẹ̀sọ́ọ̀sì láti fi mú inú ọkọ̀ móoru lè fà á wọlé bí páìpù bá ti ya. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ rẹ̀ kéré, kò gbówó, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ náà láìsí i.

Iná tí ń tàn

Kí ẹ tó sọ pé iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ kò mọ́lẹ̀, ẹ fi mítà wọn iye fóòtì (agbára iná bátìrì) tó ń dé gílóòbù. Láti orí bátìrì lọ sí súìṣì lọ sí iwájú, wáyà tó ti gbó ń jẹ ẹ́ lọ́nà. Bí fóòtì bá dín ní ìdámẹ́wàá péré, ìmọ́lẹ̀ á dín tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ha gbogbo ibi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀ títí irin yóò fi dán, ẹ fi rìléè (súìṣì kékeré tí iná ń tan fúnra rẹ̀) méjì sí i kí iná máa wá láti bátìrì tààrà, kí ẹ sì fi gílóòbù H4, irú oníhálójìn, sí i bí ilé iná náà bá gbà á. Rìwáyà tó mọṣẹ́ á ṣe é láàárín ọ̀sán kan. Ẹ má fi gílóòbù LED sínú ilé iná tí wọn kò ṣe fún un: ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú lẹ ó fọ́, òfin ibòmíràn kò sì gbà á.

Ìyàtọ̀ wà ní ti ẹ̀yìn. Iná bíréèkì kẹta, tó ga dé ojú fèrèsé, jẹ́ nǹkan kékeré tó ń jí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú oorun. Ẹ fi kún un, pẹ̀lú iná ìkìlọ̀ tí ń ṣẹ́jú tọ̀tún-tòsì pọ̀ bí ọkọ̀ yín kò bá ní i tẹ́lẹ̀.

Bẹ́líìtì

Volvo ló kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì oníbi-mẹ́ta, tó gba èjìká àti ìbàdí, sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dún 1959, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì jáde lẹ́yìn náà láìní ju ti ìbàdí lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bẹ́líìtì ń dín ewu ikú àwọn tó jókòó níwájú kù ní 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ohun mìíràn tí owó yín lè rà tó tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́líìtì kò lágbára ju ibi tí ẹ so ó mọ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ihò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti fi sílẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi pílọ́ọ̀gì oníke dí i. Bí kò bá sí, kí wẹ́dà jó páànù nínípọn mọ́ irin tó lágbára kí agbára lè tàn káàkiri. Ẹ má kàn lu ihò sí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ fi wáṣà há a, nítorí á fà á já bí aṣọ ni. Ẹ má ra bẹ́líìtì àlòkù tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀. Ìjókòó tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ lójú eré.

Dígí ẹ̀gbẹ́ tó tóbi, wáípà tuntun, àti dígí iwájú tó jẹ́ onípele bí èyí tó wà níbẹ̀ bá fọ́: ìwọ̀nyí kò gba àlàyé.

Nígbà tí ẹ bá wá gun un

Nínú bọ́ọ̀sì tí awakọ̀ jókòó sórí táyà iwájú, páànù nìkan ló wà láàárín orúnkún rẹ̀ àti ohun tó bá kọ lù. Bí ẹ bá kúrò ní 80 bọ́ sí 100 kìlómítà ní wákàtí, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa á fi 56 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà 80 ni mo máa ń sá, mo sì máa ń fi àlàfo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sílẹ̀ níwájú. Bí ẹnì kan bá já wọ inú rẹ̀, mo tún fi òmíràn sílẹ̀. Ẹrù tó wúwo, nílẹ̀ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, kí ẹ sì dè é. Orí òrùlé kò dára fún un, pàápàá níbi tí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ bá ń fẹ́, torí ọkọ̀ náà ga ó sì fúyẹ́.

Láràárọ̀, kí ẹ tó gbé e kúrò: ẹ yí i ká, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kán sílẹ̀, ẹ gbóòórùn bóyá epo ń rùn, ẹ tan gbogbo iná. Ẹ wá wọlé, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí kí ẹ sì ka 30. Bí pẹ́dààlì bá dúró gbọn-in, ẹ máa lọ. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí ẹ ń lọ lọ́jọ́ náà.